Ẹni Tó Ń Rì Kì Í Pariwo

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń gbé ní Chicago pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wẹ̀ ní Montrose Beach, létí adágún Michigan. Mo ní, ta ni yóò máa ṣọ́ wọn? Ó ní, "Prof, ẹ má ṣèyọnu. Màá jókòó sétí omi, màá máa kàwé. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, màá gbọ́ igbe wọn."

Ìdáhùn yẹn bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fònẹ́tíìkì á rántí: kò sí ẹ̀yà ara tí a dá fún ọ̀rọ̀ sísọ nìkan. Ẹ̀dọ̀fóró wà fún mímí, eyín wà fún oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kàn ń yá wọn lò ni. Èémí tó ń jáde la fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò rí èémí fà sínú, kí ni yóò fi pariwo?

Frank Pia, tó ṣiṣẹ́ láífúgáàdì ní Orchard Beach ní New York, ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Ẹni tó ń rì máa ń wà lóòró nínú omi, orí rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á máa wọ omi, á tún máa yọ. Apá rẹ̀ á máa tẹ omi mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì; kò lè juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó ti rì. Ẹni tó wà nítòsí lè rò pé eré ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà "adágún" pàápàá lè tàn wá, bíi pé omi ọ̀hún dúró sójú kan. Ti Michigan kì í dúró. Afẹ́fẹ́ ń ru ú, ìṣàn omi sì lè wọ́ ènìyàn lọ, pàápàá lẹ́bàá àwọn ògiri tí wọ́n mọ wọnú omi.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àsíá. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, kò burú. Tó bá jẹ́ yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra. Tó bá pupa, ẹ má wọ omi rárá. Ìgbà tí àwọn láífúgáàdì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ wẹ̀, aago 11 àárọ̀ sí aago 7 ìrọ̀lẹ́. Kí ọmọ kékeré má kọjá ibi tọ́wọ́ yín lè tó o.

Tí ìrísí ẹnì kan nínú omi ò bá yé yín, ẹ bi í pé, "Ṣé kò sí?" Ẹni tó bá fèsì ń mí. Tí kò bá fèsì, ẹ ké sí láífúgáàdì lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i. Ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Màá fi ìwé náà sílé."