Bí Òtútù Ṣe Sọ Gáàsì Di Ọjà Ayé

Gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde nínú ilẹ̀ kò ṣeé rọ sínú àgbá bí epo. Páìpù ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ibi tí páìpù kò bá sì dé, ọjà kò sí. Òtútù ló tú kókó náà. Bí gáàsì bá tutù dé ìwọ̀n 162 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, á di omi, á sì sún kì títí tí àyè tó ń gbà á fi ku ìdá kan nínú 600. Ọkọ̀ ojú omi lè wá gbé e. Kì í ṣe gáàsì inú sílíńdà tí à ń fi dáná nílé o. Propane àti butane nìyẹn.

Wọ́n á kọ́kọ́ yọ omi àti carbon dioxide kúrò nínú rẹ̀, kí nǹkan méjèèjì yìí má baà dì gbagidi, kí wọ́n má sì dí páìpù. Nínú ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ Phillips gbé jáde, propane ló ń kọ́kọ́ gba ooru lára gáàsì, ethylene á tẹ̀lé e, methane á parí iṣẹ́.

Ọkọ̀ Methane Pioneer ló gbé ẹrù àkọ́kọ́ la òkun kọjá ní 1959, láti Louisiana sí Canvey Island ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Algeria bẹ̀rẹ̀ òwò náà ní pẹrẹu ní 1964. Ọ̀nà Phillips ni wọ́n fi ṣí ilé iṣẹ́ ti Kenai, ní Alaska, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fún Japan ní 1969.

Bechtel, ilé iṣẹ́ tó kọ́ ti Kenai, ló tún kọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ gáàsì di omi ní Sabine Pass, ní Louisiana. Ìtàn ibẹ̀ yani lẹ́nu: wọ́n ṣí i ní 2008 láti máa gba gáàsì wọlé, àmọ́ nígbà tí gáàsì inú àpáta pọ̀ yanturu ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ di ibùdó ìkósóde. Ẹrù àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kejì 2016. Nígbà tó fi máa di 2023, Amẹ́ríkà ti di aṣáájú gbogbo ayé nínú títà á.

Nàìjíríà kò kẹ́yìn. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG sílẹ̀ ní 1989, ẹrù àkọ́kọ́ sì kúrò ní ibùdó rẹ̀ ní Bonny ní oṣù kẹwàá 1999. Kellogg ti Houston wà lára àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó kọ́ ibùdó náà, ṣùgbọ́n àbùkù ńlá wọ iṣẹ́ náà: ní 2009, ilé iṣẹ́ Kellogg Brown & Root jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní Houston pé àwọn fún àwọn aláṣẹ Nàìjíríà ní rìbá, wọ́n sì bu ìtanràn 402 mílíọ̀nù dọ́là lé e. Síbẹ̀, oore Bonny kò kéré, nítorí pé gáàsì tí wọn ì bá dáná sun lásán ní Niger Delta ti di owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà kò tíì kú tán, èyí tó ń dun ni. Ìlà ẹ̀rọ mẹ́fà tó wà níbẹ̀ lè mú 22 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù jáde lọ́dún. Ní oṣù kejìlá 2019, àwọn onípìn-ín fọwọ́ sí ìkeje, tí yóò gbé e dé 30 mílíọ̀nù.