Orúkọ tí Tina Turner kò fi sílẹ̀ ló padà dowó

Nígbà tí kóòtù tú ìgbéyàwó Tina Turner àti Ike ọkọ rẹ̀ ká lọ́dún 1978, gbajúmọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà kò jà fún owó. Orúkọ tí àwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n lórí ìtàgé ló ní àfi kóun máa jẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbèsè àwọn òde orin tó já sílẹ̀ nígbà tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń kọrin kiri òtẹ́ẹ̀lì kó lè rówó san án.

Lọ́dún 1983, orin kan tó gbé jáde tà dáadáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kíá ni iléeṣẹ́ Capitol ní kó ṣe odidi àwo. Ìlú London ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwo náà, Private Dancer, jáde lóṣù karùn-ún, ọdún 1984, nígbà tí Tina ti pé ẹni ọdún 44. Mílíọ̀nù 5 ló tà ní Amẹ́ríkà nìkan. Lọ́dún 1985, ó gba àmì ẹ̀yẹ Grammy.

Lọ́dún 2021, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀, iléeṣẹ́ BMG ra ẹ̀tọ́ orin rẹ̀, wọ́n sì ra ẹ̀tọ́ orúkọ àti àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń da òwò pọ̀, orúkọ tí oníbàárà mọ̀ lára ọjà ni. Kí ìjà tó dé ni kẹ́ ẹ ti kọ ẹni tó ni ín sínú ìwé.