Láti Awò Ìràwọ̀ Dé Orí Ìbọn Ìléwọ́: Bí Àmì Pupa Ṣe Dé

Ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1962 ni Yunifásítì Ahmadu Bello ṣílẹ̀kùn ní Samaru, ní ẹ̀bá ìlú Zaria. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù yẹn kan náà, nílùú Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, Nick Holonyak, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ General Electric, tan iná kékeré kan fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ wò. Pupa ni iná náà. Kò ní wáyà tó ń gbóná nínú gílóòbù, iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ sì tó láti mú un tàn. LED ni ayé ń pè é lónìí.

Iná pupa yẹn ni sójà àti ọlọ́pàá ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń rí báyìí nínú dígí kékeré tó wà lórí ìbọn ìléwọ́ wọn. Ibi tó bá bà lé ni ọta máa lọ. Àmọ́ iná nìkan kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Dígí ti wà nílẹ̀ kí iná tó dé, ìṣòro ojú sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí dígí tó dé.

Irin méjì ló máa ń wà lórí ìbọn ìléwọ́ lásán. Ọ̀kan wà lẹ́yìn, nítòsí ọwọ́, ó ní àlàfo láàárín. Èkejì dá dúró níwájú, lókè ẹnu ìbọn. Ẹni tó fẹ́ yìnbọn gbọ́dọ̀ fi irin iwájú sáàárín àlàfo irin ẹ̀yìn, kí orí wọn dọ́gba, kó wá gbé méjèèjì lé ohun tó fẹ́ yìn. Ohun mẹ́ta, ọ̀nà jíjìn mẹ́ta. Ojú kò sì lè rí ju ẹyọ kan lọ kedere lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé irin iwájú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹjú mọ́, kó jẹ́ kí ohun tó ń yìn ṣú bàìbàì.

Ẹ̀kọ́ yẹn tako ìwà ẹ̀dá. Ẹni tí ewu dé bá fẹ́ wo ewu náà ni, kì í fẹ́ wo irin. Bí ènìyàn bá tún ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ojú a máa le, irin tó wà ní gígùn apá kì í mọ́ lójú mọ́. Ẹni tó ń na ìwé ìròyìn jìnnà kó tó lè kà á mọ ohun tí mò ń sọ. Awò ojú tó bá mú irin náà mọ́ yóò mú ọ̀ọ́kán ṣú bàìbàì.

Ọkùnrin tó rí ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ìbọn. Howard Grubb ni orúkọ rẹ̀, ará Dublin ní ilẹ̀ Ireland, iṣẹ́ tó sì jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀, Thomas Grubb, ni ṣíṣe awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Ilé wọn ni awò ńlá ti Melbourne àti ti Vienna ti jáde. Lọ́dún 1900 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ kan. Ó gbé àmì tó ń tàn síbi tí dígí oníkòtò ti máa ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, kí dígí náà lè dá ìmọ́lẹ̀ àmì padà sí ojú ní ìtànṣán tó ń rìn lọ́gbọọgba. Ojú á wá rí àmì náà bí ohun tó wà ní ọ̀nà jíjìn réré, lórí ohun tí a ń wò gan-an, bẹ́ẹ̀ àmì yìí kò kúrò nínú dígí. Ẹ ti rí bí òṣùpá ṣe máa ń bá arìnrìn-àjò lọ, tí igi ẹ̀bá ọ̀nà ń sá sẹ́yìn àmọ́ tí òṣùpá kò kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni àmì Grubb ṣe rí: bí orí bá yẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì, àmì náà kò kúrò lórí ibi tí ìbọn dojú kọ. Kò tún sí irin méjì tí ènìyàn ń tò. Ohun mẹ́ta di ẹyọ kan, èèyàn sì lè la ojú méjèèjì sílẹ̀.

Mo ka èyí sí ọ̀kan lára àwọn ìhùmọ̀ tó mọ́gbọ́n dání jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, nítorí pé ojú ènìyàn ló kọ́kọ́ rò kó tó ro irin.

Ọkọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Lọ́dún 1918, iléeṣẹ́ Oigee ti ìlú Berlin ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ ogun òfuurufú àwọn ará Jámánì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà níwájú àwọn tó ń wa Spitfire àti Hurricane. Ọkọ̀ ní iná mànàmáná, ó sì ní àyè. Ìbọn ọwọ́ kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Gílóòbù ayé ìgbà náà á jẹ bátìrì tán kí ọdẹ tó dé inú igbó.

Àwọn kan gbìyànjú láti yẹra fún bátìrì pátápátá. Wọ́n ṣe awò kan tí a kò lè rí òdìkejì rẹ̀: ojú kan ń wo àmì pupa tí ìmọ́lẹ̀ ìta ń tàn sí, ojú kejì ń wo ibi tí a fẹ́ yìn, ọpọlọ á wá da méjèèjì pọ̀. Singlepoint ni wọ́n ń pe èyí tí àwọn sójà Amẹ́ríkà fi sórí ìbọn wọn nígbà tí wọ́n lọ kógun ja ọgbà ẹ̀wọ̀n Son Tay ní Vietnam lóru ọjọ́ 21 oṣù Bélú ọdún 1970. Lọ́dún 1981, Glyn Bindon, ọmọ ilẹ̀ South Africa tó ti di ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú awò bẹ́ẹ̀ láti South Africa wọ Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀ náà ló di Trijicon.

Àárín ọdún méjèèjì yìí, lọ́dún 1975, ni iná Holonyak bọ́ sínú dígí Grubb. Iléeṣẹ́ Aimpoint ní ilẹ̀ Sweden ló kọ́kọ́ tà á. Àwọn ọdẹ ni wọ́n ṣe é fún, pàápàá àwọn tó ń yìnbọn fún ẹran ńlá tó ń sáré nínú igbó òtútù, tí kò sí àsìkò láti to irin.

Àwọn eléré ìdíje ìbọn yíyìn ló gbé e dé orí ìbọn ìléwọ́. Lẹ́yìn ọdún 1980, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin de awò onípáìpù yìí mọ́ ara ìbọn wọn. Ó tóbi, ó wúwo, kò sí àpò ìbọn tó lè gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1990, ní Adelaide ní ilẹ̀ Australia, Doug Koenig gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ìdíje IPSC pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ yára jù lọ nínú ìdíje náà kò wo irin mọ́.

Ìṣòro tó kù ni bí yóò ṣe kéré tó, tí yóò sì le tó. Ìdérí irin tó wà lókè ìbọn ìléwọ́ máa ń sá sẹ́yìn, tí á tún gbá padà, nígbàkígbà tí ọta bá jáde. Dígí tí wọ́n bá gbé lé ìdérí yẹn yóò jẹ ìyà gan-an. Lọ́dún 2009, Trijicon gbé RMR jáde: wọ́n fún òkè rẹ̀ ní ìrísí tó máa ń darí ìjàǹbá kúrò lára dígí. Lọ́dún 2015, iléeṣẹ́ ìbọn Glock bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọn tí wọ́n ti gé àyè awò sórí rẹ̀ láti iléeṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbọn ní láti wá ẹni tó máa gé e. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú ìbọn SIG Sauer tó di M17, àyè awò sì wà lórí rẹ̀.

Kí ló kan Samaru nínú gbogbo èyí? Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 1959, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Nítorí náà, sójà àti ọlọ́pàá lọ̀rọ̀ kàn. Ìlú sójà sì ni Zaria: Depot tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sójà orílẹ̀-èdè yìí ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, Nigerian Military School tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1954 wà níbẹ̀, bárékè Basawa náà kò jìnnà sí Samaru. Bí ẹni tó ní àṣẹ láti gbé ìbọn bá dojú kọ ènìyàn lálẹ́, ohun tó yẹ kó rí kedere ni ọwọ́ ẹni náà. Ṣé fóònù ló mú dání ni, àbí ọ̀bẹ? Ẹni tí wọ́n kọ́ pé kó tẹjú mọ́ irin ń wo ọwọ́ yẹn bàìbàì. Ẹni tó ń lo awò alámì pupa ń wo ọwọ́ náà tààrà. Fún mi, èyí ṣe pàtàkì ju yíyára nínú ìdíje lọ, ó sì dùn mí pé ìtàn awò yìí kì í sábà sọ ọ́.

Awò náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò gbé ìbọn sókè, kò ní rí àmì kankan, yóò máa wá a kiri nínú dígí. Ọ̀pọ̀ ìdánrawò ló máa ń gbà kí ọwọ́ tó mọ ibi tó yẹ kó wà. Bí àmì bá sì ti hàn, gbígbọ̀n ọwọ́ tí irin ń bò mọ́lẹ̀ yóò hàn pẹ̀lú: àmì náà ń jó, ẹni tó ń yìnbọn á fẹ́ já a gbà, á fa ìbọn lójijì, ọta á ya bàrá. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́ pé kó jẹ́ kí àmì jó.

Ti Samaru tún yàtọ̀. Láti oṣù Bélú dé oṣù Èrèlé, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń gbé eruku láti apá Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá bo gbogbo apá ibẹ̀. Nínú awò bíi RMR, gbangba ni iná kékeré náà wà lẹ́yìn dígí; eruku tàbí ẹ̀kán òjò tó bá bà lé e lè bo àmì náà mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2019 ni Aimpoint gbé ACRO jáde, tó ní dígí níwájú àti lẹ́yìn, tí iná rẹ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n dí pa. Irú èyí ni mo máa fẹ́ kí wọ́n rà bí ìjọba bá rà á fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè ọya.

Irin méjèèjì kò tíì kúrò lórí ìbọn. Wọ́n mú wọn ga sí i ni, kí wọ́n lè hàn láàárín dígí bí bátìrì bá kú. Aimpoint sọ pé bátìrì ACRO kejì, P-2, lè tàn fún wákàtí 50,000, ìyẹn ju ọdún márùn-ún lọ. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí àwọn olùkọ́ máa ń fún àwọn tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n mú ọjọ́ kan lọ́dún, kí wọ́n sì pààrọ̀ bátìrì lọ́jọ́ náà, yálà ó kú tàbí kò kú.