Dígí Ẹ̀gbẹ́ Ọkọ̀ Kì í Ṣe Dígí Fèrèsé Ilé

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ ti rí ibi tí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti fọ́ rí? Wóró wóró bí àgbàdo ló máa ń dà sílẹ̀. Ọgbọ́n wà nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀ ọ́n títí ojú mi fi rí nǹkan.

Bàbá mi fi Volkswagen kan sílẹ̀ fún mi, èyí tá à ń pè ní ìjàpá. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ẹ̀ pọ̀ l'Ékòó. Dígí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, èyí tí kò ṣeé ṣí, ló fọ́. Mo wá tòkunbọ̀ ẹ̀ títí, mi ò rí. Ni mo bá lọ bá ẹni tó ń gé dígí fèrèsé ilé. Ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó wọlé wẹ́kú, owó ẹ̀ ò sì pọ̀.

Kò pẹ́ náà ni mo já sí kòtò kan lójú títì. Dígí yẹn là gbọọrọ, ó mú bí ọ̀bẹ, ó sì gé ọmọ mi obìnrin lápá. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rán an. Tó bá jẹ́ ọrùn ńkọ́?

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gé e, wọ́n á dán etí ẹ̀, kí wọ́n tó kó o sínú iná tó gbóná ju 600°C lọ. Bó ṣe ń jáde ni wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú. Òde ẹ̀ á tètè le, inú á ṣì gbóná. Nígbà tí inú bá wá ń tutù, ó fẹ́ sún kì, ṣùgbọ́n òde tó ti le ò gbà fún un. Bí inú ṣe ń fà ni òde ń fún pọ̀. Ìfúnpọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kó tètè sán. Àmọ́ tó bá ti sán wọnú, gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà, bí awọ ìlù tó le tí wọ́n gún. Ìdí nìyẹn tó fi ń di wóró wóró.

Ìdí nìyẹn náà tí kò fi ṣeé gé mọ́ lẹ́yìn iná. Èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ wo igun ẹ̀: wọ́n sábà máa ń kọ "Tempered" tàbí "Toughened" síbẹ̀.

Bá a ṣe fi tèmi sí nìyí. A ha gbogbo ìpẹtà kúrò létí irin, a kùn ún, a jẹ́ kó gbẹ. A fi rọ́bà tuntun yí dígí náà ká. A tẹ okùn tín-ínrín tó lágbára bọ inú kòtò etí rọ́bà yípo, a fi orí okùn méjèèjì sílẹ̀ sínú ọkọ̀, a wá fi omi ọṣẹ pa á. Ẹnì kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í láti ìta, èmi ń fa okùn díẹ̀díẹ̀ nínú, etí rọ́bà sì ń gun orí irin. Ẹ má fi òòlù kàn án o! Etí dígí ni kò lágbára.

Ọgbẹ́ ọmọ mi ti jinná, àpá ẹ̀ ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo igun dígí ọkọ̀ yín lónìí.