Ọrun Bàbá Àgbà

Ẹ ti wálé fún Kérésì, ẹ wà nílé ẹbí ní Òkòta. Ọmọ yín fa ọrun bàbá àgbà yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Igi ti gbẹ, ọṣán ti já. Ọmọ ní kí a tún un ṣe, kí òun gbé e lọ sí London.

Kí ẹ tó wá káfíńtà, ẹ kúnlẹ̀ bi àgbà ilé léèrè: ṣé wọ́n ti ṣe ìṣípà bàbá? Ìṣípà ni ètùtù tí àwọn ọdẹ fi ń yọ ọdẹ tó kú kúrò láàárín ara wọn. Wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, ewì arò àwọn ọdẹ, wọ́n á sì kó aṣọ àti ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, kó má baà sí ohun tó ń fà á padà. Ọrun tó ṣẹ́ kù sílé lè jẹ́ ogún, ó sì lè jẹ́ ìgbàgbé. Àgbà ló lè sọ.

Bí wọ́n bá ní kò burú, ọṣán ni kí ẹ wá. Àwọn baba wa ní ọṣán já, ọrun dọ̀pá. Awọ ni ọṣán àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi náà dáadáa ná: bó bá ti sán, ara ògiri ni kó máa gbé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà á mọ́. Bó bá yè, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á, nítorí hítà òkè òkun máa ń mú igi gbẹ. Ẹ tú ọṣán lẹ́yìn ìlò, torí igi tó tẹ̀ pẹ́ kì í nà mọ́. Ẹ má fà á láìsí ọfà kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Agbára tí ọfà ì bá gbé lọ á padà sára igi, á sì ṣẹ́ ẹ. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bàbá ti mú un dán, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sánpépà kàn án. Nítorí rẹ̀ gan-an la ṣe ń tọ́jú ọrun náà.

Bí ọfà bá wà nínú apó, kí ọmọdé má fọwọ́ kan ẹnu ọfà náà. Ọdẹ a máa fi oró sí i, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbà ò fi gbà kí ọmọ na ọfà séèyàn, ì báà ṣe eré.

Bí ẹ bá ń padà, ẹ má gbé ọrun náà wọ bàálù lọ́wọ́, inú ẹrù ìsàlẹ̀ ni kó wà. Ẹ so orúkọ àti oríkì bàbá mọ́ ọn.