Owó Oògùn Ọjọ́ Alẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ owó ní ojú ewé ìlera. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń tán lọ́wọ́ wọn ní dísípẹ́ńsárì wa, tí wọn kò sì padà wá rà á, kì í ṣe ọ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́. Bí mo bá bi wọ́n pé èéṣe tí wọn kò fi nǹkan pamọ́, èsì kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Nọ́ọ̀sì, mo ní mo ṣì máa bẹ̀rẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni a dá ọkàn ènìyàn. Adùn òní a máa tóbi lójú wa, ìnira ọ̀la a sì máa kéré bí ohun tí a ń wò láti òkèèrè. Arúgbó tí a óò dà ní ọjọ́ kan dà bí àlejò tí a kò rí rí. Ta ni yóò tìtorí àlejò kọ aṣọ ẹbí?

Àwọn ìyá wa ti mọ àrùn yìí kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó fún un lórúkọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ alájọ. Ìyá tó ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 yóò dá ₦15,000. Alájọ yóò yọ ti ọjọ́ kan, yóò sì kó ₦14,500 fún un. Kò sí èlé, owó tilẹ̀ dín. Àwọn ọmọ tó kàwé a máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Alájọ a máa dé ìsọ̀ lójoojúmọ́, ojú a sì máa ti ìyá láti dá a padà lọ́wọ́ òfo. Bí ìbátan bá wá yá owó, ìyá lè sọ láìpurọ́ pé owó wà lọ́wọ́ alájọ. Ìdánwò ni ó sanwó láti gbé kúrò nítòsí ara rẹ̀. (Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ilé alájọ yín dáadáa o! Àwọn tó ti kó owó olówó sá lọ kò kéré.)

Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Pascaline Dupas àti Jonathan Robinson fún àwọn kan ní àpótí tó ní àgádágodo, fún owó ìlera. Àwọn tó ni àpótí ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kóló lásán ni, ẹ̀yin ará. Síbẹ̀, ìwé wọn tó jáde ní 2013 sọ pé owó tí wọ́n ń tọ́jú fún ìlera fi 66 nínú 100 pọ̀ sí i. Owó tó ti ní orúkọ àti ilé tirẹ̀, ó ṣòro láti fi ra ẹran.

Òṣìṣẹ́ tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2014, kàn, a máa bá a yọ 8 nínú 100 kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ a sì fi 10 sí i. Láti 2019, ọ̀nà ti ṣí fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà láti dá tiwọn; àmọ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wá dúró sí ìsọ̀ yín láti gbà á.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù ni ti Richard Thaler àti Shlomo Benartzi ní Amẹ́ríkà. Wọn kò ní kí òṣìṣẹ́ yọ nínú owó òní rárá. Wọ́n ní kí ó ṣe ìlérí láti yọ nínú àfikún owó oṣù tí ń bọ̀. Ní ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti 2004 ti wí, ohun tí àwọn tó gbà ń fi pamọ́ gòkè láti 3.5 nínú 100 dé 13.6 láàárín oṣù 40. Ìyá ọlọ́jà lè ṣe bẹ́ẹ̀: kí ó pinnu lónìí pé èrè ọjà ọdún, apá kan rẹ̀ jẹ́ ti oògùn.

Ẹ wá kóló kan, ẹ kọ "oògùn" sí i lára, kí ẹ sì gbé e sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán bí ọwọ́ yín bá ń yára. Ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá sì ku ti ọ̀sẹ̀ kan, tí owó kò sí, kí ó má ṣe dákẹ́ sílé títí yóò fi tán. Kí ó wá sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, nítorí oògùn mìíràn tí owó rẹ̀ kéré máa ń wà nígbà mìíràn.