Àwọn Tó Dúró Nílé Kí Àwa Lè Lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọdún díẹ̀ ló kù kí àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí pé ogójì ọdún. A kò ì lè pe ara wa ní àgbà láàárín àgbà, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọmọdé mọ́. Irun funfun ti ń yọ ní ẹ̀bátí wa, àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ABD ti di géńdé, bí a bá sì fẹ́ dìde lórí ìjókòó, orúnkún a kọ́kọ́ dáhùn. Bí ènìyàn bá dé irú ibi báyìí, ó tọ́ kí ó bojú wẹ̀yìn, kí ó ṣírò ohun tí ó ti gbà lọ́wọ́ aráyé àti èyí tí ó ti san padà. Nígbà tí àwa ṣe ìṣirò tiwa, a rí i pé gbèsè kan wà lọ́rùn wa tí ó ti pẹ́ púpọ̀. A fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni a jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Olóyè S. O. Awókọ̀yà, tí ó jẹ́ Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni ó gbé àbá náà wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1952. Kì í ṣe ohun tí ó rọrùn. Owó orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì tí ìjọba ní kí àwọn ènìyàn san nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú, àwọn àgbẹ̀ sì ń bèèrè ẹni tí yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́ lóko kòkó bí gbogbo ọmọ bá wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, Ẹgbẹ́ Alákùkọ ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Síbẹ̀ ìjọba kò yẹsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 kò tó 460,000. Nígbà tí ọdún 1955 fi dé, wọ́n ti lé ní 800,000.

Bàbá wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ní ìlú Ìkirè nígbà náà. Ó máa ń sọ fún wa bí tíṣà ti ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí ó fi kan etí òsì, àti bí ìka rẹ̀ ti kàn án ní tipátipá. Ó máa ń sọ nípa síléètì tí bàbá rẹ̀ rà fún un, tí ó gbé sùn mọ́ àyà lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, tí a ti gbọ́ ju ogún ìgbà lọ, ẹnì kan wà tí a kì í bèèrè rẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó mú un lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì yí padà sílé.

Kò sí ẹni tí ó kórìíra ọmọbìnrin náà. Bàbá bàbá wa kàn ṣe ìṣirò bí olórí ilé ti í ṣe é ni. Ìyá wọn ń dín dòdò tà, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di dandan kí ẹnì kan dúró tì í. Wọ́n ní ọmọbìnrin ti tó iṣẹ́ ṣe, àti pé ó ti dàgbà ju ẹni tí yóò máa bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó ní kíláàsì kìíní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé kò rí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ rí yóò mọ dòdò Ìkirè. Ògẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí ẹlòmíràn ìbá dà nù. Wọn a bó o, wọn a pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, wọn a dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọn a sì fi ọwọ́ mọ ọ́n kí wọ́n tó fi ewé pọ́n ọn. Iṣẹ́ iná ni, iṣẹ́ ìdìde ní kùtùkùtù sì ni. Iṣẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ṣe fún ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 kò kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa parí ìwé mẹ́fà tí ó sì fẹ́ tẹ̀ síwájú, owó dòdò wà nínú owó tí wọ́n san.

Ní ọdún 1993 ni ó kan àwa náà láti wọ ilé ẹ̀kọ́, ọdún tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà. Nǹkan kò rí bí ó ti rí nígbà ti bàbá wa mọ́. Àpótí ìjókòó wa, ilé ni a ti rù ú lọ. Lónìí owó ṣọ́ọ̀kì, lọ́la owó àtúnṣe òrùlé. Ẹni tí kò bá sì san án, wọn a dá a padà sílé. Owó oṣù bàbá wa kì í dé lásìkò. Bí ó bá ti pẹ́ jù, a ó rí Ìyá tí yóò tú ìdí aṣọ rẹ̀, tí yóò ka owó tí epo ti ta sí, tí yóò sì fi lé wa lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Ní alẹ́, a ó tan àtùpà, a ó ṣí ìwé Aláwìíyé ti Olóyè J. F. Ọdúnjọ, a ó sì máa kà á sókè. Ìyá a dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, a máa gbọ́. A rò nígbà náà pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí ó kọ́ wa ní ìwé kọ́ wa ní ìtìjú pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn, nítorí náà a ti kà á sí pé ohun gbogbo tí ó bá jẹ́ ti ilé kò yẹ ní gbangba. Ní ọjọ́ ìfẹ̀bùn-dánilọ́lá kan, wọ́n pe orúkọ wa síwájú. Ìyá dìde láàárín èrò pẹ̀lú aṣọ tí ó fi ń dín dòdò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kì wá. Àwọn ẹgbẹ́ wa rẹ́rìn-ín. Àwa náà sì wolẹ̀, a ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀ ọ́n.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 2006. A ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà náà, a sì bá Ìyá lọ sí báńkì kan láti gba owó tí ó fẹ́ fi san owó ẹ̀kọ́ wa. Ọmọdékùnrin tí ó jókòó sídìí iṣẹ́ ta páàdì yíǹkì sí i, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ ọn pé kí ó tẹ̀ka dáadáa. Ìyá tẹ̀ka lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbà. Ààrò ti jẹ ọwọ́ rẹ̀, ilà ìka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. A wà níbẹ̀, a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà yékéyéké, a kò sì sọ ohunkóhun. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, ó ń fi etí ìró nu ìka rẹ̀, ó wí pé: "Ọmọ mi, ṣé o lè kọ́ mi bí n ó ṣe máa kọ orúkọ mi? Orúkọ nìkan náà ni." A dáhùn pé: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Bí a bá ti gba ìsinmi, n ó kọ́ yín."

A gba ìsinmi. A gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsinmi. A gba ìwé ẹ̀rí, a di olùkọ́, a kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíkọ àti kíkà fún ọdún mélòó kan, kí a tó wá di òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn. A ṣe ìgbéyàwó, a bímọ, a ń sá kiri bí gbogbo ayé ti ń sá kiri. Ìyá kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí ó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ?

Ọmọ wa ọmọ ọdún méje ni ó san gbèsè náà. Ní ìgbà ìsinmi kan, Ìyá mú ìwé ìròyìn wa jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí, ó bi ọmọ náà pé níbo ni orúkọ wa wà. Ọmọ náà fi hàn án, ó sì bi í pé: "Ìyá Àgbà, tiyín ńkọ́?" Ojúmọ́ kejì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà méje ni ó wà nínú orúkọ Ìyá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà a fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí àkókò ìpolongo bá dé, kò sí ẹgbẹ́ tí kì í na ìka sí ọdún 1955 ní ilẹ̀ wa. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi àwọn tí ó wọlé yangàn, kí ó rántí àwọn tí ó yí padà ní ẹnu ọ̀nà. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà ní ọdún 1982, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún un ní ọdún 1990. Ọjọ́ 8 Oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún sì ni àyájọ́ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà ní gbogbo àgbáyé. Ẹ má jẹ́ kí ó mọ sórí ọ̀rọ̀ sísọ àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ẹ bèèrè ní wọ́ọ̀dù yín bóyá kíláàsì àgbà kan wà, bóyá olùkọ́ ibẹ̀ ń gba owó, bóyá iná wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ọjà bá tú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin kò nílò láti dúró de ìjọba. Ẹ mú ẹnì kan péré nínú ilé yín. Ẹ má fi ABD bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ti ń wù ú láti kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ ní òǹkà, kí ó lè ka iye tí báńkì kọ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ láìfi fóònù lé àlejò lọ́wọ́, nítorí àwọn gbájúẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe mọ oògùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́. Ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Ẹ kí i kí ẹ tó kọ́ ọ.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, a tún bá Ìyá lọ sí báńkì. Ó gba bírò, ó tẹ̀ síwájú, ó kọ lẹ́tà méjèèje. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé ìtẹ̀ka ni ó wà nínú ìwé àwọn, àti pé bí ó bá fẹ́ yí i padà, ó ní ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù láti kọ. Inú bí wa, a fẹ́ jà. Ìyá ní kí a jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ka, ó gba owó rẹ̀, ó sì nu ọwọ́ nù. Ṣùgbọ́n kò mú bébà tí ó kọ orúkọ sí kúrò lórí tábìlì. Ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó ń tẹ̀ka.